Ìwé Orúkọ Ilé Ìwé Wa

Ilé ìwé wa kò lókìkí. Ilé gbọọrọ kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ńlá kan ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ kéékèèké sì máa ń yọ̀ lórí òkúta náà lásìkò ìsinmi. Gbogbo wa kò tó igba. Ọkùnrin àti obìnrin la jọ ń kàwé, a ń lọ láàárọ̀, a ń padà sílé lọ́sàn-án. Ìjọba kò fún ilé ìwé náà ní kọ́bọ̀. Owó tí àwọn òbí wa ń san ni wọ́n fi ń san owó oṣù olùkọ́, òun náà ni wọ́n fi ń ra ṣọ́ọ̀kì. Bí òbí bá jẹ gbèsè, olùkọ́ á dúró de owó rẹ̀.

Obìnrin tó dá a sílẹ̀ ṣì wà láyé. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn olùkọ́. Tíṣà ni nílé ìwé ìjọba kí ó tó fẹ̀yìn tì. Inú pálọ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n rán mi lọ gba ṣọ́ọ̀kì, ó fi ìwé orúkọ àkọ́kọ́ hàn mí. Ó ní níbi tí òun ti ṣiṣẹ́ rí, orúkọ ọkùnrin ni wọ́n máa ń kọ tán kí wọ́n tó kọ ti obìnrin. Nínú ìwé tirẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Orúkọ ọmọbìnrin ló wà lókè pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní.

Ìtàn yìí ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ọdún 1908 ni wọ́n dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀. Ní 1914, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas wọ ilé ìwé náà, ó sì wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó kàwé níbẹ̀. Ó lọ kàwé sí i ní ìlú Òyìnbó ní 1919. Nígbà tó fi máa padà dé, ó ti pa orúkọ Òyìnbó tì, Fúnmiláyọ̀ ló ń jẹ́. Ó fẹ́ Israel Ransome-Kuti, ẹni tó di ọ̀gá àgbà ilé ìwé kan náà ní 1932. Òun ló ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Mo máa ń bi ara mi pé, ká ní ẹnì kan sọ ní 1914 pé ọkùnrin nìkan ló ni ìwé ńkọ́?

N kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ń bọ̀ wá bá mi nílé.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì táksí Bàbá mi bàjẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pe èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Mo wà ní SS2, òun wà ní JSS1. Wọ́n ní, “Agbára mi kò gbé owó ẹ̀yin méjèèjì mọ́. Ẹnì kan yóò lọ sílé ìwé ìjọba.” Kí n tó béèrè ta ni, ojú wọn ti wà lára mi. “Ìwọ á lọ sílé ọkọ. Òun ni yóò di ilé mú.” Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ọdún 1955 ni mo wọ ilé ìwé, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo yege. Ti gírámà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó ẹnì kan ni Bàbá mi ní, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n rán. Kò kà á parí. Èmi ni mo ń bá a ka lẹ́tà rẹ̀ títí ó fi kú.” Wọ́n sì ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá mú mi lọ sí ọ́fíìsì Màmá. Màmá kò bá wọn jiyàn ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Ó ṣí ìwé orúkọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwọn méjèèjì, ta ni ìdánwò WAEC rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀?” Ó ní ẹni tó bá pààrọ̀ ilé ìwé ní SS2 lè máà rí gbogbo iṣẹ́ tó ń kà níbòmíràn, ṣùgbọ́n ọmọ JSS1 ṣì ní àkókò. Ó gbà kí wọ́n pín owó mi san lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín táàmù. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, Mà.”

Mo dúró. Àbúrò mi ló lọ.

Inú mi kò dùn tó bí mo ṣe rò. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ wọ aṣọ ilé ìwé tuntun, kò wo ojú mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ju ìwé ìṣirò rẹ̀ sórí tábìlì níwájú mi, ó jókòó. Láti ìgbà náà, a jọ máa ń kàwé lálaalẹ́. Ká ní ilé ìwé tí wọ́n ń gbé ni mo wà ni, n kì bá tí sí nílé. Ohun tí mo bá kọ́ lọ́sàn-án ń bá mi délé, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ òun náà.

Ní táàmù tó kọjá, ó ṣe ipò kẹta ní kíláàsì rẹ̀. Bàbá ló sọ fún, kò sọ fún mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́.

Ọdún yìí ni màá ṣe WAEC. Mo sọ fún àbúrò mi pé owó àkọ́kọ́ tí mo bá gba níbi iṣẹ́, òun ni màá fi rán níwèé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ yege ná.