Yàrà Súngbọ́ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Kò pẹ́ nínú Bíbélì tí ìlú kíkọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ní Gẹ́nẹ́sísì 4 ni Kéènì ti kọ́ ìlú, tí ó sì fi orúkọ Énọ́kù ọmọ rẹ̀ pè é. Àwa náà fẹ́ fi ojú ara wa rí bí àwọn ará ìgbàanì ṣe ń di ìlú, ni a fi gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ wo Erédò, yàrà ńlá tí wọ́n ń pe orúkọ Bílíkísù Súngbọ́ mọ́.

Inú igbó ni ó wà, a sì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ nítòsí Ẹ̀pẹ́, ńṣe ni igi pàdé lórí wa bí òrùlé. Ilẹ̀ pupa ni ògiri rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ó sì ń yọ̀. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tí wọ́n fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ, ibòmíràn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 70. Gígùn rẹ̀ yíká tó máìlì 100. Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé wà láàárín rẹ̀.

Kò sí katakata nígbà náà. Ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹni tó bá ti bá wọn gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìsìn rí yóò mọ ohun tí a ń sọ! Ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan kò lè gbẹ́ ẹ, àáró ọ̀rẹ́ márùn-ún kò lè gbẹ́ ẹ. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ láti àárọ̀ kò lè lọ sóko, nítorí náà ẹlòmíràn ní láti gbin iṣu tí yóò jẹ. Alágbẹ̀dẹ ní láti rọ ọkọ́. Ẹnìkan sì ní láti wí pé ibi báyìí ni yàrà yóò gbà, kí àwọn ìlú tí kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà gbọ́ tirẹ̀. Níbi tí irú ìgbọràn bẹ́ẹ̀ bá wà, abúlé ti ń di ìjọba nìyẹn.

Nehemáyà 3 kọ orúkọ àwọn tó mọ odi Jerúsálẹ́mù sílẹ̀, títí kan àwọn ọmọbìnrin Ṣálúmù. Ní Erédò, orúkọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò kù. Ti Súngbọ́ nìkan ló kù.

Ní 1999, nígbà tí ìròyìn ìwádìí Patrick Darling, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàn káyé, àwọn kan ní òun ni ayaba Ṣébà inú 1 Àwọn Ọba 10, nítorí Bílíkísù ni àwọn Lárúbáwá ń pe ayaba náà. Àwa kò gbà á. Ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí tí àwọn onímọ̀ fún Erédò kò tó ìdajì rẹ̀.

Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ló wọ̀ wá lọ́kàn jù. Wọ́n ní opó olówó ni Súngbọ́, kò bímọ, kí orúkọ rẹ̀ má baà parun ló fi ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Títí dòní, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń lọ sí ibojì rẹ̀ ní Òkè-Èrí. (A kò bá wọn tọrọ ohunkóhun níbẹ̀ o, òkú ni òkú ń jẹ́.) Arábìnrin méjì nínú àwa tí a jọ lọ ti ń wojú Olúwa fún ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn méjèèjì ló pẹ́ jù nínú yàrà náà, a sì dúró dè wọ́n lókè.