Mo Sọ Pé Mi Ò Gbà

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ṣí ìsọ̀ aṣọ ọmọdé sórí ayélujára. Ìsọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ó ní ohun gbogbo tí àwọn ìsọ̀ ńlá ní, títí kan pátákó kékeré tó máa ń yọ nísàlẹ̀ ojú ewé láti bi àlejò bóyá ó gbà kí á máa tọpinpin rẹ̀. Bọ́tìnì méjì ló wà lára rẹ̀: "Mo gbà" àti "Mi ò gbà". Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mi kọ́ ìkànnì náà ló gbé e síbẹ̀. Mo rí i, ó wù mí, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Àbúrò mi obìnrin ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò tíì bùṣe. Ó lóyún. Oyún náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó sọ fún àyàfi ọkọ rẹ̀. Kò sọ fún èmi pàápàá. Ẹ mọ bí tiwa ti rí, a kì í fi oyún tuntun han ayé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó yọ́ wọ ìsọ̀ mi láti wo ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Pátákó yọ, ó tẹ "Mi ò gbà". Ó wo ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé kan pẹ́, ó sì jáde láìra ohunkóhun.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti wo fọ́tò ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí kan. Bí màmá ti ń fi ìka ti ojú ewé sókè, ìpolówó ọjà yọ sí wọn: ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé, orúkọ ìsọ̀ mi lókè rẹ̀, àti gbólóhùn tí mo fọwọ́ ara mi kọ, "Ọmọ rẹ ń retí rẹ̀." Màmá wo fóònù, wọ́n wo ikùn ìyàwó wọn. "Ìyàwó mi, ṣé ohun tí mò ń rò ni?" Àbúrò mi kò mọ irọ́ pa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn ti dé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, oyún náà bàjẹ́. Kì í ṣe ìpolówó ló fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n ṣì ń fi ẹnu kùn pé ojú ayé ti wọ̀ ọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìbọ̀sẹ̀ yẹn kò dẹ́kun. Ó ń tẹ̀ lé e kiri. Nígbà tó pè mí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ti sunkún tán: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ ìsọ̀ yín kó fi mí sílẹ̀. Mo sọ pé mi ò gbà."

Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ó ṣi bọ́tìnì tẹ̀ ni.

Mo dá ìpolówó náà dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì jókòó láti wo abẹ́ ìsọ̀ tí mò ń pè ní tèmi. Kúkì kò ṣàjèjì sí mi. Ìwé ìrántí pínńkín ni, tí ìkànnì ń fi sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà àlejò. Lou Montulli ló ṣe é ní Netscape lọ́dún 1994, kí ìkànnì lè máa rántí ẹni tó ti wá. Láìsí i, ẹrù inú agbọ̀n oníbàárà lè pòórá bó bá ti ṣí ojú ewé mìíràn. Èmi kò bá èyí jà. Táàgì ni ìjà mi, ìlà kóòdù mélòó kan tí àwọn onípolówó fún wa, tó ń ránṣẹ́ sí wọn pé fóònù báyìí wo ọjà báyìí.

Inú Google Tag Manager ni táàgì mi wà, bí ẹní kó kọ́kọ́rọ́ ilé sínú àpótí kan ṣoṣo. Wọ́n ti ní kí ti ìpolówó máa ṣiṣẹ́ lórí "All Pages", ìyẹn ni pé bí ojú ewé kankan bá ṣí, iṣẹ́ ti lọ. Kò sí okùn kankan tó so ó mọ́ pátákó ìyọ̀ǹda. Kí ìka àbúrò mi tó kan bọ́tìnì, wọ́n ti mú orúkọ ìbọ̀sẹ̀ náà lọ. Ọjọ́ 180 ni mo sì ní kí wọ́n fi máa tẹ̀ lé àlejò, nítorí òun ni iye tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà mí láyè láti yàn. Mo rántí ọjọ́ tí mo yàn án. Mo pè é ní ọgbọ́n.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Èmi kò kà á rí. Ti àbúrò mi tilẹ̀ kọjá ìdákẹ́jẹ́. Ó sọ̀rọ̀, etí kò sí níbẹ̀ ni.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni àtúnṣe gbà. Mo ní kí gbogbo táàgì ìpolówó àti ti ìwádìí wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má ṣí àfi bí àlejò bá tẹ "Mo gbà". Lẹ́yìn náà mo wọlé bí àlejò, mo tẹ "Mi ò gbà", mo sì ń wò ó lójú ewé àyẹ̀wò. Táàgì kan ṣì ń ránṣẹ́! Àpótí ìbánisọ̀rọ̀ tó wà ní igun ojú ewé ni. Inú kóòdù ìkànnì gan-an ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe inú àpótí táàgì, nítorí náà ìkìlọ̀ mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo yọ ọ́ dànù. Mo pa orúkọ àwọn tí à ń tẹ̀ lé rẹ́, mo sì fi ìlà kan sísàlẹ̀ ojú ewé kí ẹni tó ti gbà lè yí ọkàn padà. Ní ti ọjà ọmọ tuntun, n kì í fi tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà gbà, ì báà kọ̀. Ọjà rọ̀ lóṣù yẹn, n ò ní parọ́.

Nígbà Àjíǹde, àbúrò mi wá kí mi. Mo gbé kọ̀ǹpútà fún un, ó tẹ "Mi ò gbà", ó sì tẹjú mọ́ ojú ewé àyẹ̀wò títí. Kò sí táàgì tó mira.

"Ìbọ̀sẹ̀ yẹn dà?" ó béèrè.

Mo ní mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ìsọ̀.

"Ẹ dá a padà," ó ní. "Ó rẹwà."