Kí Ẹ̀rọ Tó Máa Bá Wa Ṣírò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé Ajah lónìí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kí ẹ gbádùn, ẹ ò lè mọ bí etíkun yìí ṣe rí kí ọ̀rọ̀ Lẹ́kkí Free Zone tó dé ní 2006. Igi àgbọn ló tò lọ rẹrẹẹrẹ, òórùn ẹja yíyan á sì ti kí ọ káàbọ̀ kí o tó rí òrùlé ẹnikẹ́ni. Ṣáájú náírà ọdún 1973, ẹja tọ́rọ́ kan ń kún abọ́. Bí apẹja abúlé kan bá kó ẹja ju ti abúlé kejì lọ, àwọn àgbà kì í tètè pariwo. Wọ́n á ní ká kọ́kọ́ wo bí ẹja abúlé kan náà ṣe ń pọ̀, tó ń dín, láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ìka ò dọ́gba, ọwọ́ kan náà ló sì wà.

Ìṣirò tó gbé ọgbọ́n yẹn ró, ọwọ́ Gosset ló ti wá ní 1908. Òṣìṣẹ́ Guinness ni ní Dublin, Guinness tí wọ́n wá ń pọn ní Ìkẹjà lẹ́yìn òmìnira, “Student” ló sì fi bo orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tiwa, pẹ́ńsù àti ìwé là ń fi ṣe é, nǹkan kan ṣoṣo là ń dán wò, a ó sì tún un ṣe títí ọkàn wa á fi balẹ̀.

Ayé yí. Ní 2010, Pickrell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago ka RNA (ẹ̀dà tí jíìnì ń kọ jáde bó bá ń ṣiṣẹ́) inú sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ Yorùbá 69, tí iṣẹ́ HapMap, ìwádìí lórí ìyàtọ̀ jíìnì ènìyàn, ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn n’Íbàdàn, láti mọ jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ gan-an lára ẹnìkan tó sì ń tòògbé lára ẹlòmíràn. Jíìnì ènìyàn tó bí ọ̀kẹ́ kan! Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Ẹni tó wá sọ ọ̀kẹ́ òkò ńkọ́? Bí ẹ bá ń dán jíìnì kọ̀ọ̀kan wò, tí ẹ gba àṣìṣe kan láàyè nínú ogún, ó lè tó 1,000 jíìnì tí yóò dà bíi pé ó yàtọ̀, tí kò sì yàtọ̀. Nítorí irú èyí ni Benjamini àti Hochberg ti fi la ọ̀nà kan sílẹ̀ ní 1995: nínú gbogbo èyí tí o pè ní ìyàtọ̀, ìdá mélòó lo gbà kó jẹ́ irọ́? Láti mọ bí jíìnì kan ṣe ń pọ̀, tó ń dín, láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn, ètò kọ̀ǹpútà bíi DESeq àti edgeR ń yá òye lọ́dọ̀ jíìnì yòókù, nítorí àwọn tí à ń yẹ̀ wò kì í sábà pọ̀.

Mo ń rí yín pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́, orúkọ jíìnì á dà wálé bí òjò. Inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi yín léèrè pé èèyàn mélòó lẹ gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, ẹ ó ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ padà lọ wá èèyàn sí i.