Ogún Ìdílé Adémọ́lá

Iṣẹ́ ìdílé kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò. Ọmọ agbẹ́gi tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá àáké nílé. Ọmọ onílù bá ìlù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá kọ́ṣẹ́, àáké baba rẹ̀ a di èyí tí a fi ń la igi ìdáná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú iṣẹ́ òfin àti iṣẹ́ ìlú. Ìdílé Adémọ́lá ní Abẹ́òkúta, ìlú tí ó múlé ti Yewa, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀.

Adémọ́lá kìíní jẹ Aláké láti ọdún 1869 títí di 1877. Ní ọdún 1920, ọmọ rẹ̀, Ládàpọ̀, gun orí ìtẹ́ kan náà. Ládàpọ̀ ni ó bí Adétòkunbọ̀ ní ọdún 1906. Ọmọ yìí kàwé ní King's College ní Èkó àti ní Cambridge, ó di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1934, ó sì di májísíréètì ní ọdún 1939. Ọmọ agbẹjọ́rò ni aya rẹ̀ pẹ̀lú, Kofoworola Moore, obìnrin adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní Oxford, ní ọdún 1935.

Ọdún 1949 ni ó dán ogún yìí wò. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí wọn, ti dìde nítorí owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí oyè. Oṣù Kejìlá ọdún 1950 ni ó tó padà. Síbẹ̀, ní ọdún 1949 kan náà ni ìjọba fi ọmọ rẹ̀ jẹ adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga. Ìtẹ́ baba ń mì, ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ kà àti ẹjọ́ tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá gbọ́ kò mì.

Ní ọdún 1955 Adétòkunbọ̀ di Adájọ́ Àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ilẹ̀ Yewa wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1958 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ Adájọ́ Àgbà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1972. Ọmọ rẹ̀, Adenekan, náà di adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Òtítọ́ ni pé ipò baba ṣí ilẹ̀kùn. Kì í ṣe gbogbo òbí ni ó lè rán ọmọ lọ sí Cambridge láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá kì í parí iṣẹ́. Adétòkunbọ̀ kan náà ni alága ìkànìyàn ọdún 1973. Ìjọba sì pa èsì rẹ̀ tì ní ọdún 1975.

Ilé lè fún ọmọ ní àáké. Ọwọ́ ọmọ ni yóò gbẹ́ ère, ìlú ni yóò sì sọ bí ó ti dára tó.