ÒKÚTA TÍ MO FẸ́ FỌ́

Mi ò wá wàásù lónìí o. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ni.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa lọ ro itẹ́ òkú abúlé kan lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Nínú igbó níbẹ̀ la ti bá òkúta sìmẹ́ńtì kan, kò ga ju orúnkún lọ. Wọ́n ti fi ìṣó kọ orúkọ ọkùnrin kan sí i lára nígbà tó ṣì tutù, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: OGUN 1944.

Mo ní, "Ògún kẹ̀? Nínú itẹ́ òkú onígbàgbọ́? Ẹ gbé òòlù wá!"

Ni màmá arúgbó kan bá ké láti ẹ̀yìn wa: "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Kì í ṣe Ògún. Ogun ni. Ogun Hítílà. Bàbá mi nìyẹn. Inú oyún ni mo wà tó fi lọ sí Bọ́mà."

Ọwọ́ mi rọ. Màmá ní kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ òkúta yẹn. Ìyá bàbá òun ò rí òkú sin, ojú ọ̀nà ló ń wò títí. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Òkúta yẹn ni ẹbí mọ fún un, kó lè rí ibi tó máa jókòó sí sunkún.

Nígbà tí mo délé, mo kàwé nípa ogun náà. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ bá àwọn ará Jàpáánù jà ní Bọ́mà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fara gbọta níbẹ̀ lọ́dún 1944. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ló fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó padà wálé, ó sì gbé ayé títí di 2012. Ọ̀pọ̀ ò padà. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon, orúkọ ọmọ ogun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 tí wọn ò mọ sàréè wọn ló wà lára òpó òkúta. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn.

Ẹ̀yin ará, "ogun" kò gba àmì ohùn kankan. Ẹni tó fi ìṣó kọ̀wé yẹn kọ ọ́ bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Èmi tí mo gba díplómà ẹ̀kọ́ ìsìn ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. Bẹ́ẹ̀ mo ti wàásù lórí Jóṣúà orí kẹrin láìmọye ìgbà: òkúta méjìlá láti inú Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè máa bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi ò bèèrè. Òòlù ni mo ní kí wọ́n gbé wá.

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ màmá níṣojú àwọn ọ̀dọ́ náà. A ro ìdí òkúta náà, a fọ̀ ọ́, a sì gbàdúrà.

Lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní lọ́dọọdún, ìjọba máa ń fi òdòdó sílẹ̀ fún àwọn jagunjagun tó ti lọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè: ta ló lọ tí kò bọ̀? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí, ká jọ rántí rẹ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká wá ọmọ wa tì. Ẹ ṣe àmín.