Hakeem ni mo mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ọmọ Èkó ni

Ìjà Messi àti Ronaldo ti sú wa ní SS2. Ti àwọn àgbà la wá gbé lórí báyìí: nínú Hakeem Olajuwon ti Houston Rockets àti David Robinson ti San Antonio Spurs, ta ló mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá jù? Wọn ò tíì bí ẹnì kankan nínú wa nígbà tí Hakeem fẹ̀yìn tì ní 2002, Robinson náà sì ṣíwọ́ ní 2003. Àmọ́ fídíò wọn kún orí fóònù, ẹnu wa náà ò sì fẹ́ dákẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ tèmi sílẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí àwa tá a wà lẹ́yìn Hakeem ń pariwo lọ́jọ́sí kò ju "Ọmọ wa ni! Ọmọ Èkó ni!" lọ. Ni ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn Robinson bá rọra dìde, ó ní, "Ọmọ yín náà ló di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ní 1993. Amẹ́ríkà náà ló sì bá gba wúrà ní Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, òun àti Robinson, inú ẹgbẹ́ kan náà." Gbogbo wa pa lọ́lọ́.

Òótọ́ ló sọ. Àti pé, kí ni ilé tẹ́nì kan ti wá ní í ṣe pẹ̀lú bó ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá tó? Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti bí èèyàn la fi ń mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ orin ọmọ Sùúrùlérè mọ́ ní Bàríga. (Ẹ má dáhùn o, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ.) Bàbá mi, tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ní bẹ́ẹ̀ náà làwọn ṣe máa ń jà lórí Sunny Ade àti Obey ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n á máa pariwo ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó yí padà rí.

Ẹ jẹ́ ká fún Robinson ní tiẹ̀ ná. Olùkọ́ ìṣirò wa wà lẹ́yìn ẹ̀ gbágbáágbá, ẹ sì mọ ìdí: ìmọ̀ ìṣirò ni Robinson kà jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Spurs ti mú un ní 1987, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ológun, 1989 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún wọn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Admiral. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1994, òun nìkan jẹ póíǹtì 71 lọ́wọ́ Clippers. Èyí tó pọ̀ jù tí Hakeem jẹ lọ́jọ́ kan rí ni 52. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, síbẹ̀ ó ń sáré bí ẹni kúkúrú. Tẹ́ ẹ bá sì ní ká ka ife-ẹ̀yẹ, méjì méjì ni: Hakeem gba ti 1994 àti 1995, Robinson gba ti 1999 àti 2003. Ife ò lè bá wa parí ẹ̀.

Ibi tó ti yé mi ni oṣù Karùn-ún ọdún 1995, nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé láti mọ ẹni tó máa ṣojú apá ìwọ̀ oòrùn nínú àṣekágbá. Spurs ti borí nínú eré 62 ní sáà yẹn, Rockets borí nínú 47 péré. Robinson ni wọ́n yàn pé ó gbá jù lọ lọ́dún náà, oyè tí Hakeem gbà lọ́dún tó ṣáájú. Kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní San Antonio, wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ náà lé Robinson lọ́wọ́ níwájú gbogbo èrò. Hakeem wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ó jẹ póíǹtì 41.

Eré mẹ́fà ni wọ́n gbá, Rockets mú mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá pín póíǹtì Hakeem sí mẹ́fà, ó ju 35 lọ lójú eré kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ń ṣọ́ ọ o: Robinson yìí náà ni wọ́n fún ní oyè ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù ní 1992. Ọ̀rẹ́ mi ní torí pé Clyde Drexler dé bá Hakeem lóṣù Kejì ọdún yẹn ni. Drexler dé lóòótọ́, wọ́n ti jọ gbá bọ́ọ̀lù rí ní Yunifásítì Houston. Ṣùgbọ́n Spurs náà ní Dennis Rodman, tí kò sẹ́ni tó ń já bọ́ọ̀lù gbà lábẹ́ agbọ̀n bíi tiẹ̀ lọ́dún náà. Àti pé kì í ṣe Drexler ni Robinson ń fò sókè lásán níwájú ẹ̀.

Ẹ wo fídíò náà dáadáa. Ẹsẹ̀ Hakeem ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ó kọ ẹ̀yìn sí agbọ̀n, ó mi èjìká sí ọ̀tún, Robinson bá a lọ. Òun ti yí sí òsì. Robinson padà, Hakeem ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú, Robinson fò. Kó tó balẹ̀, Hakeem ti gba abẹ́ apá ẹ̀ kọjá. Dream Shake ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó bá ti gbá mọ́ńkí pósì rí ládùúgbò wa, láàárín gọ́tà àti ọkọ̀ tí wọ́n páàkì, mọ irú ẹ̀. Kò sáàyè láti sáré, ara lo máa fi parọ́.

Hakeem ò dé Amẹ́ríkà kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963, sìmẹ́ǹtì làwọn òbí ẹ̀ ń tà. Ilé ló ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá handball, kó tó di pé básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15. Ó lọ sí Houston ní 1980. Ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tuntun, Michael Jordan ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ran ẹsẹ̀ òun lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pariwo Èkó, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pariwo ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi gan-an. Mo ti pé ọdún 15, táàmù tó kọjá ni mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Ní kọ́ọ̀tù tá a ti ń gbá, àwọn ọkùnrin kì í fún àwa obìnrin láyè àfi tó bá rẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ D'Tigress gba AfroBasket ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025 láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láàárín. Bọ̀dá kan níbẹ̀ sọ fún mi pé mo ti pẹ́ jù, pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lókè òkun. Mi ò dá a lóhùn. Ilé ni mo lọ, mo lọ wo ọjọ́ orí tí Hakeem fi bẹ̀rẹ̀. Mo wá wo ti Robinson náà, kí n lè rí nǹkan fi bú àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀, ni mo bá rí i pé ọdún tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdírì nìkan ni òun gbá a, pé ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ga gan-an. Láti ọjọ́ yẹn ni Robinson ti di èèyàn mi. Mi ò sọ fún wọn ní kíláàsì.

Hakeem ṣì ni mo mú o. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn Admiral, kó kọ tiẹ̀ wá fún olóòtú kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àmọ́ kó má kọ ife sí mi, kó má sì kọ 71 sí mi mọ́. Kó sọ ohun tí Robinson ṣe lọ́jọ́ tí Hakeem dúró níwájú ẹ̀.