Odò Bruma àti Ọkàn Tó Rẹ̀wẹ̀sì

Ìlà-oòrùn Johannesburg ni Bruma wà, kò jìnnà sí òpópónà Derrick tí àwọn ará Ṣáínà ti ń tajà. Adágún omi kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi odò Jukskei ṣe kí àdúgbò lè lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àárín ìgboro ni odò náà ti ń bọ̀, ìdọ̀tí ló ń wọ́ wá. Wọ́n á kó o, á tún kún, òórùn á gba àdúgbò. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fa adágún náà gbẹ, wọ́n jẹ́ kí odò máa ṣàn lọ.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ ni ìsoríkọ́ rí. Ọ̀pọ̀ wa tó wá ṣiṣẹ́ lókè òkun ń rẹ́rìn-ín fún ìyá wa lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ oorun kò kùn wá, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ní Johannesburg yìí, ẹgbẹ́ SADAG, tí Zane Wilson dá sílẹ̀ lọ́dún 1994, ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Bí dókítà bá fún yín lóògùn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ìtọ́jú yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Aró, l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ara ń ni kò gbọdọ̀ dá wà. Ẹ pe ẹnì kan lónìí, kí ẹ sọ òtítọ́ fún un.